Ọ̀rọ̀ mi ń dé etí wọn, kì í dé ọkàn: báwo la ṣe ń fi ìtàn gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀?

Àdùkẹ́ Ẹ̀ka-Ẹ̀jẹ̀ (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Iṣẹ́ mi ni láti máa lọ bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nípa fífi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ: akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́, ẹgbẹ́ oríṣiríṣi. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n sábà máa ń fún mi. Gbogbo ohun tí mò ń sọ ló jẹ́ òótọ́, mo sì mọ̀ ọ́n dunjú. Àkọsílẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀, pé ìgbà tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ lára èèyàn káàkiri ayé lọ́dún kan lé ní mílíọ̀nù 118, pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló ń wá láti àwọn orílẹ̀-èdè olówó, bẹ́ẹ̀ ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn èèyàn ayé ló ń gbé níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá ṣàlàyé oríṣi ẹ̀jẹ̀, màá sọ ẹni tó lè fún ni àti ẹni tí kò lè fún ni, màá wá béèrè bóyá ìbéèrè wà.

Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Wọ́n á kí mi kú iṣẹ́. Àmọ́ bí mo bá gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ kalẹ̀, ẹni díẹ̀ ni yóò dúró, àwọn yòókù á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó sì ń dùn mí ni pé wọn kì í ṣe aláìláàánú. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá rí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lójú títì, yóò sáré lọ bá a ni.

Ọ̀gá mi ní kí n máa sọ ìtàn, kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ̀ wọ́n lára. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Mi ò fẹ́ fi omijé tan ẹnikẹ́ni jẹ o.

Bàbá Olùkọ́

Àdùkẹ́, o kú iṣẹ́ ribiribi.

Aristotle ará Gíríìsì ti sọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 2,300 sẹ́yìn pé ohun mẹ́ta ló ń mú kí ọ̀rọ̀ yí èèyàn lọ́kàn padà: irú ẹni tí àwọn olùgbọ́ gbà pé olùsọ̀rọ̀ jẹ́, ohun tí ọ̀rọ̀ náà mú kí wọ́n mọ̀ lára, àti ẹ̀rí tó wà nídìí rẹ̀. O ní ti àkọ́kọ́, torí iṣẹ́ rẹ ni, wọ́n sì rí i bẹ́ẹ̀. O ní ìkẹta yanturu. Àárín ló ṣófo.

Dá mi lóhùn ìbéèrè kan ná. Nínú ogún ìṣẹ́jú yẹn, ìgbà wo ni èèyàn kan ṣoṣo, ẹni tó ní ojú àti ẹnu, kọ́kọ́ yọjú nínú ọ̀rọ̀ rẹ? Mi ò sọ "àwọn aláìsàn" o, mi ò sì sọ "àwọn aboyún". Ẹnì kan ni mo sọ.

Àdùkẹ́ Ẹ̀ka-Ẹ̀jẹ̀

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Mo ti lọ wo ìwé tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. "Àwọn" ló kún inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

Ṣadé Ń Kàwé

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní 2007, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Deborah Small, George Loewenstein àti Paul Slovic, gbé ìwádìí kan jáde lórí èyí. Wọ́n san dọ́là márùn-ún fún àwọn èèyàn pé wọ́n dáhùn àwọn ìbéèrè kan tí kò kan ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ rárá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún wọn ní lẹ́tà tó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi lára owó náà ran àwọn tí ebi ń pa nílẹ̀ Áfíríkà lọ́wọ́. Lẹ́tà tí wọ́n fún àwọn kan kún fún nọ́ńbà, iye mílíọ̀nù tí ìyàn mú níbí, iye tó sá kúrò nílé lọ́hùn-ún. Lẹ́tà tí wọ́n fún àwọn mìíràn sọ nípa ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan ṣoṣo ní Mali. Àwọn tó ka nọ́ńbà fi dọ́là 1.14 sílẹ̀, bí a bá pín in dọ́gba. Àwọn tó ka ti ọmọ náà fi 2.38 sílẹ̀.

Apá kẹta ìwádìí yẹn ló jọ mí lójú jù. Wọ́n fún àwọn kan ní ìtàn ọmọ náà, wọ́n wá to nọ́ńbà mọ́ ọn. Èèyàn á rò pé àánú pẹ̀lú ẹ̀rí á mú kí wọ́n ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dọ́là 1.43 ni wọ́n fi sílẹ̀. Bí nọ́ńbà ṣe wọlé, àánú ọmọ náà rọlẹ̀.

Nítorí náà mà, kì í ṣe pé mílíọ̀nù 118 yín kì í ṣe òótọ́. Ibi tí ẹ gbé e sí ló ń ṣèdíwọ́. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún yín, ó sì ń sọ fún àwọn olùgbọ́ pé ìṣirò la wá ṣe lónìí.

Ẹnjinníà Kọ́lá

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ń kọ mí lóminú. Bí ọmọ kan bá gba owó ju mílíọ̀nù èèyàn lọ, a jẹ́ pé ọkàn wa kò mọ ìwọ̀n nìyẹn. Ṣé ó wá yẹ ká máa bọ́ àìlera yẹn? Nínú iṣẹ́ tèmi, tí mo bá fẹ́ sọ fún àwọn tó ni afárá pé afárá wọn ti ń sán, ìwọ̀n ibi tó sán ni mo máa mú lọ. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìyá arúgbó tó ń gba orí rẹ̀ kọjá láràárọ̀, wọ́n á ní mo fẹ́ fi ẹ̀dùn ọkàn gba owó lọ́wọ́ àwọn ni. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí tó dájú, ẹ jẹ́ kó gbé e kalẹ̀. Àgbàlagbà ni àwọn olùgbọ́.

Àyìnlá

Mo ń tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ Ẹnjinníà mú mi lọ́kàn díẹ̀.

Bàbá Olùkọ́

Kọ́lá, àtakò tó dáa lo ṣe, kò sì yẹ ká fò ó. Jẹ́ kí n fi ẹnì kan tó ní ẹ̀rí tó dájú dá ọ lóhùn.

Ignaz Semmelweis jẹ́ dókítà ará Họ́ńgárì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Vienna. Ní oṣù kẹrin 1847, bí èèyàn ọgọ́rùn-ún bá bímọ ní ẹ̀ka tiwọn, bíi méjìdínlógún ni ibà abiyamọ ń pa. Ó ní kí àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti iyàrá tí wọ́n ti ń la òkú bọ̀ máa fi omi tí chlorine wà nínú rẹ̀ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aboyún. Àárín oṣù karùn-ún nìyẹn. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà, ikú náà ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú gbogbo ìmọ̀ ìṣègùn, nọ́ńbà mélòó ló ń pariwo tó báyẹn?

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà dókítà ìgbà náà kò gbà. Mo mọ̀ pé ìdí pọ̀. Wọn ò tíì mọ̀ nípa kòkòrò àrùn nígbà yẹn, kò sì sí ẹni tó lè ṣàlàyé ohun tí ọwọ́ ń gbé kiri. Àmọ́ ọ̀nà tó gbà sọ ọ́ náà wà níbẹ̀. Ọdún 1861 ló tó gbé ìwé jáde lórí rẹ̀, tábìlì nọ́ńbà sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Nígbà tí inú wá bí i, ó ń kọ lẹ́tà ìta gbangba sí àwọn àgbà dókítà, ó ń pè wọ́n ní apààyàn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àsọ̀rọ̀àìlàdí ló pa Elénpe ìṣáájú. Òótọ́ ni Elénpe ń sọ, àmọ́ kò là á yé àwọn tó ń dá a lẹ́jọ́.

Ohun tó ń dùn mí nínú rẹ̀ ni pé ìtàn tó lè là wọ́n lójú wà nílẹ̀. Ní 1847 yẹn kan náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jakob Kolletschka, dókítà bíi tiwọn, ń la òkú lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan gún un. Ó kú. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú tirẹ̀ náà wò, ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ bá ti àwọn ìyá tó ń kú mu. Ibẹ̀ ni Semmelweis fúnra rẹ̀ ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀! Lójú tèmi, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rẹ́ tí gbogbo wọn mọ̀ á bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀bi wọn, ibi tí wọ́n ti ń gbèjà ara wọn ló máa bá wọn.

Nítorí náà Kọ́lá, ìmọ̀lára kì í kúrò nínú ọ̀rọ̀ torí pé a mú nọ́ńbà dání. Bí o kò bá mọ èyí tó o ń gbé dé iwájú wọn, ìbẹ̀rù àti ìtìjú lè ti jókòó síbẹ̀ kó o tó dé.

Àyìnlá

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìrántí kún un. Gordon Bower àti Michal Clark fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá láti há sórí ní 1969, ọ̀wọ́ méjìlá lápapọ̀. Wọ́n ní kí apá kan fi ọ̀rọ̀ inú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan hun ìtàn, apá kejì kàn ń há a lásán. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè gbogbo rẹ̀ níkẹyìn, àwọn tó hun ìtàn rántí ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn yòókù rántí ìdá 13. Kò sí omijé kankan nínú èyí, ìtòtẹ̀léra lásán ni: eléyìí ṣẹlẹ̀, ló mú kí ìyẹn ṣẹlẹ̀.

Àdùkẹ́ Ẹ̀ka-Ẹ̀jẹ̀

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti "ẹnì kan" tí Bàbá sọ, aláìsàn kan wà tí gbogbo wa ní ẹ̀ka wa mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí ẹ̀jẹ̀ tó bọ́ sákòókò gbà sílẹ̀. Ìtàn náà lágbára. Ṣé kí n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà kí n sì máa sọ ọ́?

Nọ́ọ̀sì Bíọ́lá

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ má ṣe é o, ẹ jọ̀ọ́. Yíyí orúkọ padà kò tó. Ọjọ́ orí, irú àìsàn, oṣù tó ṣẹlẹ̀, ọmọ mélòó ló ní: bí ẹ bá fi méjì nínú wọn sílẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n á dá a mọ̀. Aláìsàn kò wá sí ilé ìwòsàn kó lè di àpẹẹrẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ìtàn rẹ̀, òun ni kí ẹ bi, lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti yá tó láti lè sọ pé òun kò fẹ́. Ẹ ka ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún un gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà nígbàkígbà. Mo ti rí ẹni tó gbà tayọ̀tayọ̀, tó wá ní kí wọ́n yọ gbólóhùn kan ṣoṣo, gbólóhùn tó sọ pé ó ń pariwo. Wọ́n yọ ọ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ohùn Orí Afẹ́fẹ́

Mo ti Nọ́ọ̀sì lẹ́yìn gbágbágbá. Iṣẹ́ rédíò ni mò ń ṣe, ojoojúmọ́ la sì ń dojú kọ irú ìdánwò yìí: ìtàn kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ, o sì mọ̀ pé tó o bá bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, àwọn èèyàn á dúró gbọ́.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 1990. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 kan jókòó síwájú àwọn aṣòfin, ó ń sunkún, ó ní òun rí i tí àwọn sójà Ìráàkì gbé àwọn ọmọ jòjòló jáde nínú ẹ̀rọ tó ń mú wọn móoru ní ilé ìwòsàn kan ní Kuwait, tí wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ lórí ilẹ̀ títutù kí wọ́n kú. Ìtàn náà káàkiri ayé. Ààrẹ ìgbà náà, George Bush, tún un sọ léraléra. Àwọn aṣòfin mẹ́nu kàn án nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí bóyá kí wọ́n lọ jagun, ogun sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1991. Ní 1992 ni ayé tó mọ̀ pé ọmọ aṣojú ìjọba Kuwait ní Amẹ́ríkà ni ọmọbìnrin náà, pé iléeṣẹ́ tó ń polówó fúnni ló bá wọn ṣètò ìjókòó náà, kò sì sí ẹ̀rí tó ti ohun tó sọ lẹ́yìn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a.

Kí ló burú jù níbẹ̀? Lójú tèmi, ìyà gidi ń jẹ àwọn ará Kuwait nígbà yẹn. Ìtàn òótọ́ wà tí wọ́n lè sọ. Èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yàn torí pé ó dun ọkàn jù, ó sì ba ti àwọn tó kù jẹ́.

Ẹnjinníà Kọ́lá

Ohun tí mò ń sọ nìyẹn gan-an. Kí la wá máa fi dá òtítọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀tàn, nígbà tí méjèèjì ń gba ọ̀nà ọkàn wọlé?

Bàbá Olùkọ́

Ohun tí mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé: bí olùgbọ́ rẹ bá wá mọ gbogbo ohun tí ìwọ náà mọ̀ nípa ìtàn yìí, ṣé á ṣì mọ̀ ọ́n lára bó ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, àbí á rò pé o rẹ́ òun jẹ? Ẹni tí inú rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà jẹ́, tó wá ṣèwádìí, tí inú rẹ̀ sì bà jẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, o kò tàn án. Mi ò mọ òdiwọ̀n mìíràn tó jùyẹn lọ.

Ohùn Orí Afẹ́fẹ́

Ẹ káre, Bàbá. Mo fara mọ́ ọn.

Jẹ́ kí n wá sọ ti iṣẹ́ ọwọ́, Àdùkẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí wọ́n bá sọ fún wa pé nǹkan bani nínú jẹ́, inú wa á bà jẹ́. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Gbọ́ èyí: "Àìsí ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ìṣòro ńlá tó ń bani lọ́kàn jẹ́ gidigidi." Kí lo rí? O ò rí nǹkan kan. Wá gbọ́ èyí: "Aago méjì òru. Nọ́ọ̀sì ṣí fíríìjì ẹ̀jẹ̀, ó ka àpò tó kù níbẹ̀. Méjì ni. Ó tún un kà." Mi ò sọ pé nǹkan burú. Mi ò sọ pé ẹ̀rù ń bà á. "Ó tún un kà" ti sọ ọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín lóòótọ́ lo máa sọ ọ́ o. Bí kò bá ṣẹlẹ̀, wá èyí tó ṣẹlẹ̀.

Ohun mẹ́ta péré ni mo máa ń wá nínú ìtàn kí n tó gbé e sórí afẹ́fẹ́. Ẹnì kan ń fẹ́ nǹkan. Nǹkan kan dí i lọ́nà. Àkókò ń lọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí làwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí ènìyàn gbé fóònù sílẹ̀.

Ní ti ohùn, má ṣe sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Ibi tó bá dun ni jù lọ ni kó o ti sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ jù lọ, kó o sì dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tó ẹni tó mí sínú mí sóde. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń nira fún olùsọ̀rọ̀, àmọ́ olùgbọ́ nílò rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń fi ara rẹ̀ sípò ẹni tí ò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Má sì kí gbogbo ìjókòó tán kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ni kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ, ìkíni lè tẹ̀ lé e.

Nọ́ọ̀sì Bíọ́lá

Àǹtí, ẹ wò ó, kò pọn dandan kó jẹ́ aláìsàn ni ẹ máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé àpò ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí i láti ìgbà tó bá ti kúrò lára ẹni tó fi í sílẹ̀? Ẹ̀yin lẹ máa ń wà níbẹ̀.

Àdùkẹ́ Ẹ̀ka-Ẹ̀jẹ̀

Háà! Mi ò rò ó débẹ̀ rí.

Àpò kan tó nǹkan bíi mílílítà 450. A máa ń fi ẹ̀rọ yí i bírí títí yóò fi pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá pupa lè lo ọjọ́ 42 nínú fíríìjì. Omi ẹ̀jẹ̀ máa ń dì gbagidi nínú ẹ̀rọ amóhundì, ó lè wà níbẹ̀ pẹ́ gan-an. Apá kẹta, ìyẹn platelet tó ń jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ dí kí ẹ̀jẹ̀ má baà máa dà, òun ló le jù láti tọ́jú. A ò gbọ́dọ̀ gbé e sí òtútù. Orí pẹpẹ kan tó ń lọ síwá sẹ́yìn tọ̀sán-tòru ló máa ń wà, torí bó bá dúró sójú kan pẹ́ yóò bàjẹ́. Ọjọ́ márùn-ún ló ní lọ́dọ̀ tiwa. Lẹ́yìn ìyẹn, a máa dà á nù.

Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan kò sì tó. Platelet inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà la máa ń kó pọ̀ ká tó rí èyí tó tó àgbàlagbà kan lò lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ló máa ń nílò rẹ̀ jù.

Ẹnjinníà Kọ́lá

Dúró ná. Dúró, Àdùkẹ́. Èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà ń wá sọ́dọ̀ yín láìmọ ara wọn, kí ẹnì kan ṣoṣo tó lè rí ohun tó nílò gbà, ọjọ́ márùn-ún péré sì ni wọ́n ní? O ní nọ́ńbà báyìí lọ́wọ́, o wá ń fi mílíọ̀nù 118 bẹ̀rẹ̀?

Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé nọ́ńbà ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀, èèyàn lè fi ojú rí i. Àwọn tó jókòó ní ìlà kan nínú gbọ̀ngàn yẹn ti tó mẹ́fà. Ní kí wọ́n wo ẹni tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì wọn. Bí ẹni mẹ́rin nínú ìlà náà bá dúró, tí méjì jáde lọ, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ìṣirò ni, àmọ́ àwọn fúnra wọn ló wà nínú rẹ̀.

Ṣadé Ń Kàwé

Ọ̀gá Ẹnjinníà, ẹ ti yanjú ohun tó ń dà mí láàmú láti àárọ̀. Nọ́ńbà inú lẹ́tà ìwádìí yẹn tóbi débi pé ọkàn kò lè gbé e. Mẹ́fà, ọkàn lè gbé e.

Nǹkan kan ló kù tí mo fẹ́ kí Àǹtí Àdùkẹ́ ṣọ́ra fún. Ìmọ̀lára kì í pẹ́. Ẹ rántí àwòrán ọmọ ará Síríà kékeré tí òkun gbé sí etí omi ní oṣù kẹsàn-án 2015. Slovic àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àkọsílẹ̀ owó tí àwọn èèyàn fi ń ránṣẹ́ sí Red Cross ti Sweden nítorí àwọn tó sá kúrò ní Síríà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé àwòrán náà, iye ìgbà tí èèyàn ń fi owó ránṣẹ́ lóòjọ́ fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lé sí i. Kò tó oṣù méjì tó fi wálẹ̀ padà. Ogun kò sì tíì tán nígbà yẹn.

Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń wá kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ fẹ́ kí wọ́n padà wá. Nítorí náà, ẹ fi ohun tí wọ́n lè ṣe sí iwájú wọn kí wọ́n tó dìde, nígbà tó ṣì ń gbóná lọ́kàn wọn: déètì, aago, àga tí wọ́n máa jókòó sí. Bí ìwé ìforúkọsílẹ̀ bá wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ẹnu ọ̀nà ni ìmọ̀lára náà ti máa kú. Ẹ jẹ́ kó máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ nígbà tí ẹ ṣì ń sọ̀rọ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí wọ́n ń ṣe ní Sweden: bí wọ́n bá lo ẹ̀jẹ̀ tí o fi tọrẹ, wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù rẹ pé wọ́n ti lò ó. Ẹ wo bó ṣe jẹ́ pé wọ́n ń sọ ìparí ìtàn fún ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Àyìnlá

Ti àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn wú mi lórí gan-an. Ó máa ṣe mí bíi kí n padà lọ.

Àdùkẹ́ Ẹ̀ka-Ẹ̀jẹ̀

Mo ti jókòó kọ ọ́. Ẹ bá mi wò ó. Báyìí ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀:

"Ní iléeṣẹ́ wa, ẹ̀rọ kan wà tí kì í dúró. Pẹpẹ irin ni, ó ń lọ síwá sẹ́yìn, ọ̀sán àti òru. Àwọn àpò kéékèèké ló wà lórí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni, àmọ́ kò pupa, àwọ̀ ìyeyè ni. Déètì wà lára àpò kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n bá fi sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, bó bá di ọjọ́ Àìkú tí a kò tíì lò ó, èmi ni mo máa gbé e kúrò lórí ẹ̀rọ.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹnì kan wà ní òkè níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú jẹjẹrẹ. Ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti mú ohun tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró nínú ara rẹ̀ rẹlẹ̀ púpọ̀. Bó bá ń fọ ẹnu láàárọ̀, èrìgì rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀, kó má dúró. Ohun tó wà nínú àpò yẹn ló nílò. Ó jẹ́ ohun ìbànújẹ́ gidi.

Kí àpò kan ṣoṣo tó lè kún tó, èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà gbọ́dọ̀ ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún yín. Ẹ wo ti apá òsì. Ẹ ka ara yín dé mẹ́fà."

Ibẹ̀ ni mo ti máa fi ìwé ránṣẹ́ láti ìlà iwájú. Mílíọ̀nù 118 máa wá ní ìparí, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè.

Ohùn Orí Afẹ́fẹ́

Ó dáa púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni màá yọ: "Ó jẹ́ ohun ìbànújẹ́ gidi." Èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ti sọ ọ́ kó o tó dé ibẹ̀. Dákẹ́ síbẹ̀ dípò rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Bíọ́lá

"Ẹnì kan wà ní òkè" dáa, torí kò tọ́ka sí ẹnì kankan, bẹ́ẹ̀ ó sì rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ lọ́jọ́ gbogbo. Àmọ́ kí ẹ tó lọ síbikíbi, ẹ bi ẹ̀ka náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn bóyá ẹnì kan ń retí rẹ̀ lóòótọ́. Bí kò bá sí, ẹ yí gbólóhùn yẹn padà.

Ẹnjinníà Kọ́lá

Bí ìlà kan kò bá pé mẹ́fà ńkọ́? Ṣètò àga náà sí mẹ́fà mẹ́fà kí wọ́n tó wọlé. Mo lè bá ọ ya bí gbọ̀ngàn náà ṣe máa rí, sọ iye èèyàn tí ò ń retí.

Àdùkẹ́ Ẹ̀ka-Ẹ̀jẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò. Mo ti yọ gbólóhùn ìbànújẹ́ yẹn. Màá máa pe ẹ̀ka náà láràárọ̀. Ọ̀gá Kọ́lá, àwọn ọgọ́rùn-ún àti ogún ni wọ́n sọ fún mi pé ó máa wá lọ́jọ́bọ̀. Ìlà ogún nìyẹn, àbí? Ọ̀rọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ náà, mo ti gbé e lọ bá ọ̀gá mi, wọ́n ní kí n kọ bí a ṣe lè ṣe é sórí ìwé kan.

Ẹnjinníà Kọ́lá

Ìlà ogún, bẹ́ẹ̀ ni. Fi àyè ọ̀nà sáàárín kí ìwé lè kọjá láìsí pé ẹnikẹ́ni dìde. Màá fi yíyà rẹ̀ ránṣẹ́ ní alẹ́ òní.